Ọmọ tí a Fi Fèrè Lé Lọ́wọ́

Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mọ ti ọwọ́ òsì dunjú; ti ọwọ́ ọ̀tún ni ó máa ń ṣòro. Ìtàn Louis Armstrong, gbajúgbajà afunfèrè ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn bí ẹgbẹ́ onífèrè ilé-ẹ̀kọ́ ti lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún náà.

Ìlú New Orleans ni a bí i sí ní ọdún 1901, ní àdúgbò tí òṣì àti ìjà ti gbilẹ̀. Ní alẹ́ tí ọdún 1912 parí, ó yin ìbọn ní ìgboro láti fi ṣe àjọ̀dún. Ọlọ́pàá mú un. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rán an lọ sí ilé àtúnṣe ìwà tí ó wà fún àwọn ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Ilé náà ní ẹgbẹ́ onífèrè, Peter Davis sì ni olùkọ́ wọn. Gẹ́gẹ́ bí Armstrong ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1954, olùkọ́ yìí kò kọ́kọ́ fẹ́ rí i sójú. Àdúgbò tí ó ti wá ni ó fi ń wọ̀n ọ́n: lójú rẹ̀, ọmọ ibẹ̀ kò ṣeé fi ọkàn tán. Ọmọ náà a máa jókòó, a máa tẹ́tí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò.

Nígbà tí ó yá, ọkàn olùkọ́ rọ̀. Ìlù kékeré olóṣaworo ni ó kọ́kọ́ fún un. Láti ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó dé orí fèrè ìpè. Ẹ̀gbin ti bo fèrè náà. Armstrong fọ̀ ọ́, ó sì ń dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àṣehàn. Bí afunfèrè ìpè bá gbàgbé àkókò, gbogbo ilé ni yóò pẹ́ débi oúnjẹ. Ẹni tí a kà sí ọmọ ìta di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá etí sí.

Lẹ́yìn èyí, ó bọ́ sórí kọ̀nẹ́ẹ̀tì, Davis sì fi í ṣe olórí ẹgbẹ́. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ onífèrè, ẹnì kan kì í fun ti ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tí yóò ṣáájú gbọ́dọ̀ ti kọ́ bí a ti ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Armstrong ti gbọ́ kí ó tó fun.

Ní ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ náà to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba àdúgbò rẹ̀ àtijọ́ kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ tú jáde láti wo ọmọ wọn. Owó tí wọ́n dá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, tó ra fèrè àti aṣọ tuntun fún gbogbo ẹgbẹ́. Àdúgbò tí a tìtorí rẹ̀ kọ ọmọ náà ni ó wá di ẹni tí ó wọ ẹgbẹ́ láṣọ.

Ó kúrò ní ilé náà ní 1914. Kí ó tó kú ní 1971, òkìkí rẹ̀ ti kàn káyé. Ní 1960, ó fun fèrè rẹ̀ dé Nàìjíríà. Ẹyin ni í di àkùkọ. Olùkọ́ tí ó bá ń wá aṣáájú láàrin àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan lé lọ́wọ́.