Ẹṣin Tó Ní Oríkì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àmọ́ mo ka ìtàn ayé Jack Barnato Joel tán, mi ò rí ibi tí bàbá yìí ti já bọ́. Àwọn ẹlòmíì ló ń bá a já bọ́.

Ìlà-oòrùn London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1862. Barney Barnato, àbúrò ìyá rẹ̀, ti ṣáájú lọ ṣòwò dáyámọ́ǹdì ní Kimberley, ní South Africa, ó sì di olówó rẹpẹtẹ. Jack àti àwọn arákùnrin rẹ̀, Woolf àti Solly, tẹ̀ lé e. Láti ìdí dáyámọ́ǹdì, wọ́n bọ́ sídìí góòlù Johannesburg. Nígbà tí Jack padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kówó lé ẹṣin eré ìje. Ẹ̀yin ará London mọ Epsom, níbi tí wọ́n ti ń sá eré Derby lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹṣin Joel gba ipò kìíní níbẹ̀.

Sunstar ni àkọ́kọ́, lọ́dún 1911. Ẹsẹ̀ ti ń dà á láàmú kí ọjọ́ eré tó pé. Charles Morton, tó ń kọ́ àwọn ẹṣin Joel, ní ó lè sá eré yẹn, àmọ́ kò ní lè sá òmíì mọ́. Wọ́n ní kó sá a. Ó gbégbá orókè, eré rẹ̀ sì parí síbẹ̀.

Ní 1921, ó kan Humorist. Steve Donoghue ló gùn ún. Ọrùn ẹṣin kan péré ló fi ṣáájú èkejì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n bá a nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀ nílé ẹṣin, ó ti kú. Nígbà tí wọ́n là á wò, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, a ò lè dá Joel lẹ́bi ìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró dáadáa. Tí wọ́n bá ń lu àpáta góòlù Johannesburg, eruku rẹ̀ máa ń wọ èèyàn láyà, kì í jáde mọ́. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn ọkùnrin dúdú láti Lesotho, Mozambique àti Transkei fa eruku yìí símú lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún. Tí àìsàn bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á padà sábúlé lọ kú. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ Johannesburg fọwọ́ sí àdéhùn pé kí iléeṣẹ́ awakùsà mẹ́fà san nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 owó rand fún àwọn tó lárùn yìí àti ẹbí àwọn tó ti kú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ láti 1965 síwájú nìkan ló kàn. Àwọn ayé Joel ò sí níbẹ̀.

Mi ò bínú ẹṣin o. Ohun tó ń dùn mí ni pé Humorist ní oríkì: Polymelus ni bàbá rẹ̀, Jest ni ìyá rẹ̀, ìwé sì mọ ohun tó pa á. Ọkùnrin tó wa góòlù náà ńkọ́? Ọmọ ta ni?