Ibi Tí Àwọ̀ Ti Ń Hàn

Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ nọ́ọ̀sì sọ pé bí egbò ìdùbúlẹ̀ bá fẹ́ yọ, awọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n. Àwòrán òyìnbó ló wà níbẹ̀. Mo há a sórí, mo sì yege. Ní ọdún kìíní mi ní wọ́ọ̀dù, wọ́n fi ìyá àgbà kan tí kò lè dìde sí ìtọ́jú mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń yí i padà, tí mò ń wá pípọ́n ní ìdí rẹ̀, n kò rí i. Awọ ibẹ̀ kàn dúdú sí i, ó sì ń dán. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó là. Sísítà àgbà kò bú mi. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi lé ojú ibẹ̀, ó tún gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kejì: ọ̀kan gbóná, ó le, èkejì tutù, ó rọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ni kó o máa fi wá a." Egbò ìyá yẹn pẹ́ kó tó jinná. Ó ṣì ń dùn mí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ọdún 1953 ni Virginia Apgar, dókítà ará Amẹ́ríkà, tẹ ìlànà tí a fi ń wọn ọmọ tuntun jáde. Máàkì méjì wà fún àwọ̀: ọmọ tó bá pọ́n láti orí dé ẹsẹ̀ ló ń gbà á pé. Àwọn agbẹ̀bí àgbà kì í bá ìwé jà. Wọ́n á kàn ní kí n ṣí ẹnu ọmọ, kí n wo ahọ́n, kí n wo àtẹ́lẹsẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni ilé mi ní Ogbe, tí ariwo pápá ìṣeré Samuel Ogbemudia ń dé, ti di ibi tí àwọn aládùúgbò ń gbé ọmọ wá. Mama Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí, èmi Yorùbá láàárín àwọn Ẹ̀dó. Ìta ni mo máa ń gbé aláìsàn bọ́ sí, nítorí iná gílóòbù máa ń bo pípọ́n ojú mọ́lẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́rin wá nítorí ìdodo. Inú gbogbo ilé wọn ń dùn pé ọmọ náà á pupa bíi bàbá bàbá rẹ̀. Mo fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀, mo ṣí ojú rẹ̀ wò: ó pọ́n. Aṣọ tí wọ́n fi wé e ń rùn fún káńfọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba káńfọ̀. Á fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, pípọ́n yẹn á sì gun ọpọlọ. N kò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ilé ìwòsàn la gbà lọ. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí.

Ìyá ìyá mi kò ní ṣìnà níbẹ̀. Ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n ń pe àìsàn yẹn: ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Orúkọ yẹn kò dárúkọ awọ rárá. Àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ ibi tó yẹ kí a wò lára ènìyàn dúdú kí ìwé kankan tó dé.

Ní ọdún 2020, àwọn dókítà kan ní Michigan fi hàn pé ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka láti wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣi ewu aláìsàn dúdú mọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó. Lọ́dún yẹn kan náà, Malone Mukwende, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní London, gbé ìwé jáde tó fi àìsàn hàn lára awọ dúdú. Ọmọ àbúrò mi, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló fi hàn mí lórí fóònù. A ṣì ń wò ó nígbà tí aládùúgbò gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná dé. A bọ́ sí ìta. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ọmọ náà.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àǹtí, ẹ wò ó, tiẹ̀ funfun ju tèmi lọ."

Mo ti ń wá bàtà mi.