Wọ́n Ní Dírẹ́bà Ni Kò Sí: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nígbà Tí Mo Kó Kọ̀ǹpútà Láti Oǹdó Lọ Sí Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ní mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni lápá kan, nítorí mo parọ́ fún ìyá tó bí mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọgbọ́n náà ni, ẹni tó bá sì ti fi owó ra ọgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ tún lọ rà á.

Ọmọ ìlú Oǹdó ni mí. Nígbà tí mo jáde iléèwé girama, kò sówó láti tẹ̀ síwájú, ni mo bá gba iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ sì mọ̀ pé láti ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, orúkọ ìlú wa ni ìpínlẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni ìjọba wà. Ẹni tó bá ń wá ìròyìn ìjọba, àfi kó máa lọ sí Alágbàká. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó kúrò ní yàrá mi ní Yábà, ní Oǹdó, ní Sátidé kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí mo lọ gba yàrá kan ní Àkúrẹ́.

Ẹrù mi kò pọ̀: mátíráàsì, sílíńdà gáàsì, ìkòkò mẹ́ta, àti kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé lé itan o. Èyí tó ní àpótí ńlá lọ́tọ̀, tí ojú rẹ̀ wà lọ́tọ̀, tí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ náà wà lọ́tọ̀ ni. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì san owó rẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ le. Màámi ni olórí àwọn obìnrin mọ́kànlélógójì kan tí wọ́n ń dá àjọ lọ́jà. Inú oṣù kejìlá ni wọ́n máa ń kó o, kí kálukú lè rí owó ọdún ná. Ìgbà tí òjò ba ìwé tí Màámi ń kọ ọ́ sí jẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ oníkálukú, iye tó dá, ọjọ́ tó dá a, ẹni tó yá nínú rẹ̀. Owó wà ní báǹkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ni èló nínú rẹ̀? Inú àpótí yẹn nìkan ni ìdáhùn wà. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe olórí àjọ tí kò bá rí ìwé fi hàn lọ́jọ́ ìkówó.

Èmi òpònú, mi ò dà á kọ sórí fúláàṣì.

ÀPÓTÍ KÉ LẸ́Ẹ̀MÁRÙN-ÚN

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni mo háyà. Mo gbé ojú kọ̀ǹpútà lé itan bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n àpótí tí ọpọlọ rẹ̀ wà gan-an, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jù ú sí, láàrin iṣu tí Màámi dì fún mi àti sílíńdà gáàsì. A gba Bọ́lọ́rundúró, a gba Ọ̀wẹnà. Gbogbo kòtò tí dírẹ́bà bá bọ́ sí, mo máa ń gbọ́ "gbì!" lẹ́yìn. Mo rò pé iṣu ni.

Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, mo to gbogbo rẹ̀, mo so wáyà, mo tan án. Fáànù inú rẹ̀ ń yí, iná ara rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ló bá ké: fín! fín! fín! fín! fín! Ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ké márùn-ún. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbàdúrà. Ńṣe ló ń ké.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Màámi pè mí. "Ọkọ mi, ṣé o ti gúnlẹ̀? Ìwé àjọ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù o."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà, mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tán."

Irọ́ gbuu.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e lọ bá ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbọ́ igbe yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Páwà ni." Mo san 15,000 náírà, ó pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń pín iná fún un. Ó ṣì ń ké. Ó ní á jẹ́ pé pátákó inú rẹ̀ ló ti jóná, kí n wá 65,000 náírà wá. Ó ní tí òun bá ṣe é tán, òun á tún fọ́ọ̀mátì ẹ̀ kó lè mọ́ tónítóní.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀, fọ́ọ̀mátì ni kí wọ́n nu ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nù, bí ìgbà tí tíṣà bá nu pátákó ìkọ̀wé. Àjọ obìnrin mọ́kànlélógójì! Mi ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ló kó mi yọ. Kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀RỌ ÌLỌTA

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo wọkọ̀ padà sí Oǹdó, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé Màámi á bú sẹ́kún. Ó kàn wò mí ni. Ó ní, "Kó tó dákẹ́, kí lo ṣe fún un gbẹ̀yìn?"

Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan fún un.

"O gbé e láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, o wá ní o ò ṣe nǹkan kan fún un?"

Ó wá rán mi létí ẹ̀rọ ìlọta tó ń lò nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò lójúde lọ sí ọjà ni kò lọ ata mọ́. Ẹnì kan ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹlòmíràn ní ayé ló ṣe é. Àfìgbà tí bàbá mẹ́káníìkì kan dé, tó béèrè pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó gbé e?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wá ohun tó mì." Bẹ́líìtì ló yẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì ló sì tú. Kò gbà á ní wákàtí kan.

Màámi ní, "Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá, tá a gbé, tí kò ṣiṣẹ́ lónìí, ohun tó mì ni kó o kọ́kọ́ wá. Lọ wá ẹni tó máa bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kó tó gbowó lọ́wọ́ ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo rí ọ̀gá kan lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Kó tó fọwọ́ kàn án, ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí: ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i láti ìgbà náà, báwo ló sì ṣe ń ké? Nígbà tí mo ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kọ̀ǹpútà tí kò bá lè fi ojú sọ̀rọ̀ á máa fi ohùn sọ ọ́. Iye igbe yìí kò dọ́gba láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ní irú tèmi, márùn-ún túmọ̀ sí pé kò rí RAM rẹ̀ mọ́.

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, bíi tábìlì tí télọ̀ ń tẹ́ aṣọ lé kó tó gé e. Ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí lọ́tọ̀ ni, háàdì dísìkì ni wọ́n ń pè é, òun ni kọ́bọ́ọ̀dù. Bí tábìlì bá dà wó, télọ̀ ò lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wo bí ara ṣe tù mí!

Ọ̀gá yọ wáyà iná. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tán, ó sì fọwọ́ kan irin àpótí náà. Ó yọ RAM méjèèjì, pẹlẹbẹ tí kò gùn ju rúlà kékeré lọ. Ó mú kílínà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, ó fi nu etí wọn tó ń dán bíi góòlù. Ó kì wọ́n padà, ó tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dún "kẹ́!" lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó tan án. Ojú là! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 3,000 náírà.

DÍRẸ́BÀ WO NI KÒ SÍ?

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo gbé e délé, kọ̀ǹpútà ní ọdún 2009 la wà. Bátìrì roboto kan wà nínú rẹ̀ bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n ń pè é, fólítì mẹ́ta ni. Òun ló ń bá a rántí ọjọ́ àti aago nígbà tí kò bá sí iná. Tèmi ti kú.

Wáyà ni mo fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì ní Oǹdó. Ní Àkúrẹ́, mo ra nǹkan pẹ́ńpẹ́ kan tó ń gbà á láti inú afẹ́fẹ́. Mo kì í bọ ihò, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo pe ọ̀gá Ọjà Ọba, ó ní, "Dírẹ́bà rẹ̀ ni kò sí." Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi lórí fóònù, ó figbe ta: "Dírẹ́bà tó kó ẹrù ẹ? Ṣé òun ló jí nǹkan inú ẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Dírẹ́bà kọ̀ǹpútà kì í wakọ̀. Ògbufọ̀ ni. Bí oníṣòwò Haúsá bá kó àlùbọ́sà dé ọjà wa, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí ìwọ náà ò gbọ́ Haúsá, ọjà ò lè tà àfi tí ògbufọ̀ bá dúró láàrin. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kọ̀ọ̀kan tá a bá so mọ́ kọ̀ǹpútà ṣe ní ògbufọ̀ tirẹ̀. Bí ògbufọ̀ kò bá sí, nǹkan náà lè má bàjẹ́ rárá, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́.

Ibi tó ti wá dùn mí ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni dírẹ́bà ọ̀hún wà, bẹ́ẹ̀ mi ò lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí i! Ọ̀gá ní kí n fi wáyà tí mo fi ń gba iná sínú fóònù so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n tan "USB tethering", kọ̀ǹpútà á máa mu nínú dátà fóònù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ojúlé tí mo kàn kò ṣí. Kí ló fà á? Ọdún 2009! Ibi tí mo fẹ́ wọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ lára. Kọ̀ǹpútà mi wò ó, ó ní ọjọ́ ìwé náà kò tíì tó. Mo ra bátìrì tuntun, mo tún ọjọ́ ṣe, gbogbo ilẹ̀kùn ṣí. Mo gba dírẹ́bà náà wọlé.

Ó ku príńtà. Mo ní kó tẹ ìwé àjọ, kò mira. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa, príńtà kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, orúkọ méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Ihò tí mo so ó mọ́ ní Àkúrẹ́ kì í ṣe èyí tí mo ń lò ní Oǹdó, ni kọ̀ǹpútà bá sọ ọ́ di àlejò tuntun, tó wá ń kó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí orúkọ àtijọ́ tí kò sí nílé mọ́. Mo mú orúkọ tuntun. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

ỌJỌ́ ÌKÓWÓ

Lọ́jọ́ ìkówó, ìyá kan dìde pé iye tí wọ́n pè fún òun kò pé. Bí Màámi ò bá níwèé lọ́wọ́, ariwo á sọ. Ó kàn ṣí ìwé, ó ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìyá náà dá a àti ọjọ́ tó yá nínú ẹ̀. Ìyá náà rántí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ọjà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a délé, Màámi ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀dà mẹ́ta ni ìwé àjọ: ọ̀kan lọ́wọ́ òun, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Ó wá ní, "Kọ̀ǹpútà ò parọ́ fún ẹ o. Ó ń ké láti ọjọ́ kìíní. Ìwọ lo parọ́ fún mi."

Òótọ́ ni. Ká ní mo ké sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn, 15,000 mi ì bá wà lápò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ń kó lọ síbòmíràn, ẹ gbọ́ o. Ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sórí fúláàṣì kí ẹ tó gbé e. Ẹ fi fóònù ya bí wáyà ṣe wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Àpótí náà ni kẹ́ ẹ gbé lé itan, kẹ́ ẹ wé ojú rẹ̀ mọ́ aṣọ. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bọ́tìnnì pupa kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí: 230 ni kó wà, torí iná tiwọn jẹ́ nǹkan bíi fólítì 120, tiwa súnmọ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Bó bá wà ní 115, tẹ́ ẹ kì í bọ iná wa, gbòlà ni!

Windows 10 tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn tó ṣe é kò ti tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bá yín pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá príńtà yín ní dírẹ́bà tó bá tuntun náà mu.

Èyí tó ṣe kókó jù: ẹnjiníà tí kò bá bi yín pé, "Kí lẹ ṣe fún un gbẹ̀yìn?", ẹ gbé ẹrù yín, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ da nǹkan yín kọ síta, lójú yín.

Ó dìgbà kan ná.