Àwọn Olólùfẹ́ Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Àtijọ́

Àwọn ènìyàn kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ pé, bí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn bá ń ṣiṣẹ́, ńṣe ni wọn yóò fa àga sí iwájú rẹ̀, tí wọn yóò sì máa wò ó títí aṣọ yóò fi mọ́. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé orí wọn kò pé. Orí wọn pé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń wò kì í ṣe èyí tí wọ́n rà lánàá; nígbà mìíràn ó ju ẹni tí ń wò ó lọ ní ọjọ́ orí.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ràn ni èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní iwájú, tí dígí ibẹ̀ sì rí róbótó bí ojú òwìwí. Àgbá onírin tí a dá ihò sí lára dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Bí àgbá náà bá ti ń yí ni yóò máa gbé aṣọ sókè, aṣọ yóò já bọ́ sínú omi ọṣẹ, yóò sì tún gbé e. Yóò yí sí ọ̀tún, yóò dúró díẹ̀ bí ẹni tí ń mí, yóò sì yí sí òsì, kí aṣọ má baà lọ́ mọ́ra wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ti alágbàfọ̀ tí ń na aṣọ mọ́ òkúta, àfi pé àárẹ̀ kì í tètè mú irin.

Ìlú Herzebrock ní Jámánì ni Carl Miele àti Reinhard Zinkann ti dá ilé-iṣẹ́ Miele sílẹ̀ ní ọdún 1899. Ẹ̀rọ tí ń ya ọ̀rá kúrò lára wàrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sí ti aṣọ. Ní ọdún 1951, ẹ̀rọ Constructa jáde ní Jámánì kan náà: ó ń fa omi fúnra rẹ̀, ó ń mú un gbóná, ó ń fọ aṣọ, ó ń ṣàn án, ó sì ń fún omi rẹ̀ dànù, láìsí pé ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń fún omi, a máa mì jìgìjìgì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti kàn án mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí ó yá ni àwọn onímọ̀ fi sípíríǹgì gbé àgbá rọ̀, tí wọ́n sì fi òkúta sìmẹ́ńtì tẹ̀ ẹ́ kí ó lè farabalẹ̀.

Ní Merthyr Tydfil, ní ilẹ̀ Wales, ilé-iṣẹ́ Hoover ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ láti ọdún 1948 títí di ọdún 2009. Èyí tí wọ́n ń pè ní Keymatic, ní àwọn ọdún 1960, ní kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ kan tí a gé létí; bí a bá ṣe kì í bọ ẹ̀rọ náà ni yóò fi mọ irú ìfọṣọ tí a fẹ́. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀rọ náà tí kò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti rí wàhálà he.

Kí a sọ òtítọ́, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jẹ omi, wọ́n sì ń jẹ iná ju ti òde òní lọ, rọ́bà wọn tí ó ti gbó sì lè já lójijì kí omi kún ilé. Àwọn olólùfẹ́ wọn mọ èyí. Ohun tí wọ́n rí lára wọn ni pé ẹni tí ó ṣe wọ́n gbà pé a óò tú wọn lọ́jọ́ kan. Ṣíṣí ni ẹ̀yìn wọn. Bẹ́líìtì ṣeé bọ́, béárìn ṣeé pààrọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ti lẹ agbada tí ó yí àgbá ká pa. Bí béárìn bá bàjẹ́, odindi agbada ni a óò rà, tàbí ẹ̀rọ mìíràn. Láti ọdún 2021, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé kí àwọn ohun ìpààrọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ wà ní títà fún ọdún 10 ó kéré tán. Èyí dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọwọ́ ní iṣẹ́.

Àwọn wọ̀nyí ti kọ́ ọ. Wọ́n ń fi etí mọ béárìn tí ó ń ṣàìsàn kí ó tó kú. Bí ẹ̀rọ kan bá sì kọ̀ jálẹ̀ tí kò ṣeé jí mọ́, wọn kì í gbé e jù sí ààtàn: wọn a tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn a nù ún, wọn a kọ orúkọ sí i lára, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ti rẹ̀ ń dúró dè é ní ìlú mìíràn.