Ọmọ Tí Mo Nà Nítorí Etí Rẹ̀

Ojú tì mí púpọ̀ kí n tó lè kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi ní Bẹẹrẹ. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dáhùn. Mo ní oríkunkun ni, mo sì nà án ní pàṣán lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́jọ́ kan mo súnmọ́ ọn, òórùn etí rẹ̀ sì là mí lójú: etí ọmọ náà ń tú ọyún!

Mo lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ èlùbọ́ rẹ̀ ní Ọjà'ba. Ó ní, “Tíṣà, ó ti tó ọdún mẹ́rin. Òróró gbígbóná ni mo ń kán sí i.” Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo rántí pàṣán mi, mo pa ẹnu mọ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni a lọ. Ìdájí ni a débẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n gan-an kí ó tó kàn wá. Dókítà elétí náà kò jókòó lásán o. Òun nìkan ni ó ń wo gbogbo èrò náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ti lọ sí Ìlú Ọba. Ó ní awọ inú etí ọmọ náà ti lu, kí omi má ṣe wọ̀ ọ́, kí a má sì kán òróró sí i mọ́. Bí etí náà bá gbẹ, a lè fi iṣẹ́ abẹ dí i. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni iná lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú tọ́ọ̀ṣì.

Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan ìkọ́ṣẹ́, ọdún kan àgùnbánirọ̀, ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ènìyàn tó di ọ̀gá nínú ìtọ́jú etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, ta ni yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́la? Àwa ará Ìbàdàn tilẹ̀ rí ti wa ṣe, a ní ilé ìwòsàn ńlá Òrìta Mẹ́fà láti 1957. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé, nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré jù ni kò ní tó dókítà elétí kan fún mílíọ̀nù kan ènìyàn.

Òfin 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ ètò adójútòfò ìlera. Ìyá yìí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Owó èlùbọ́ ni a fi ra oògùn.

Etí náà ti gbẹ fún oṣù méjì báyìí. Ìyá rẹ̀ ń dá àjọ nítorí iṣẹ́ abẹ. Mo ti gbé ọmọ náà wá sí bẹ́ǹṣì iwájú. Ọjọ́ Ajé tó kọjá mo pè é, kò dáhùn. Mo rìn lọ bá a, mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.