Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Léraléra ni mo ti sọ níwájú wọn pé ẹ̀fọ́ dára fún ẹ̀jẹ̀ aboyún àti ojú ọmọdé. Síbẹ̀, títí a fi kó kúrò ní Èkó wá sí Mowe, n kò gbin ewé kan rí.

Ní kùtùkùtù ni ọkọ mi máa ń gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Èkó. Alẹ́ ni í tó padà dé. N kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Nígbà tí ó sú mi, mo kọ ebè mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, tẹ̀tẹ̀ ti hù. Ewédú kò yọjú. Mo tún un gbìn, pàbó ló já sí. Mo ní ẹni tí ó ta irúgbìn fún mi lọ́jà Ìbàfò ni ó rẹ́ mi jẹ.

Ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìfọ̀, ni a jọ pààlà. Wọ́n ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o ki irúgbìn rẹ bọ omi gbígbóná kí o tó gbìn ín?"

"Rárá o, Màmá." Ojú tì mí, èmi olùkọ́.

Wọ́n di ìyókù irúgbìn mi sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n tì í bọ omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Kò ju kí a ka ení dé ẹ̀wá lọ tí wọ́n fi yọ ọ́, tí wọ́n sì sá a. "Èèpo rẹ̀ ló le," ni wọ́n wí, "bí omi gbígbóná kò bá rà á, omi òjò kò ní ráyè wọlé." Ewédú náà hù! Lóòótọ́, ọgbọ́n kò pin sọ́dọ̀ ẹnì kan.

Nígbà tí ó tó já, ìdì kìn-ín-ní ni mo gbé lọ fún Màmá. Wọn kò jẹ́ kí abọ́ mi padà lófìfo: wọ́n kó ọ̀pá gbúre sí i pé kí n lọ gbìn ín. Láti ìgbà náà, abọ́ náà kò sinmi láàárín wa.

Ní òru ọjọ́ kan, ọkọ mi kò sí nílé, ara ọmọ mi gbóná títí giri fi mú un. Màmá ni mo ké sí. Kí n tó wọ bàtà, ọmọ wọn ti gbé ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. A tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ náà sì yè. Bí kò bá sí ìdì ewédú yẹn, orúkọ ta ni ǹ bá ké lóru?

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ má sọ pé ilẹ̀ kò tó. Ike tí ó ti jò náà tó fún tẹ̀tẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 5, ẹ ó ti máa jẹ ẹ́. Ẹ má fa ṣọkọ tu. Ẹ gé orí rẹ̀, yóò tún rúwé. Ẹ má sè é pẹ́, ẹ sì rọra pẹ̀lú káún, nítorí a máa ba fítámì C inú ẹ̀fọ́ jẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má dá a jẹ.