Èló Ni Ká Ta Á?

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà ní ọ̀wọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwa tí à ń ṣe áàpù fún fóònù mu gan-an, pàápàá àwa tí a kò ní ọ̀gá, tó jẹ́ pé yàrá tí à ń sùn náà ni ṣọ́ọ̀bù wa. Ká ṣe iṣẹ́ náà kò le tó ká mọ iye tí a ó pè é.

Áàpù tèmi, ti àwọn aránṣọ ni. Ìwọ̀n oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, àti ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ àwọn télọ̀ wa. Ìgbà tí ọdún bá ku ọ̀la ni ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí máa ń sọnù! Bí mo bá gbé áàpù náà dé ìsọ̀ wọn, inú wọn a dùn. Àfi bí mo bá dárúkọ owó.

Ìyá kan ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn, bi mí pé, "Ọmọ mi, èló ni?"

Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣù ni, mà."

"Háà! Ṣebí ọ̀fẹ́ ni gbogbo áàpù?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló lẹ̀ ń rán bùbá àti ìró?"

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó san ti oṣù kan, ó ní òun fẹ́ wò ó ná.

N kò bá ìyá náà wí. Bí ọjà náà ṣe kọ́ gbogbo ayé nìyẹn. Nígbà tí Apple ṣí ọjà áàpù tirẹ̀ ní 2008, kálukú ń pe iye tó wù ú. Ará Jámánì kan, Armin Heinrich, tilẹ̀ gbé ọ̀kan jáde ní 999.99 dọ́là, tó pè ní I Am Rich. Òkúta pupa kan tó ń dán lójú fóònù ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́jọ ló rà á kí Apple tó yọ ọ́ kúrò lọ́jà! Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí olúkúlùkù fi ń dín owó kù kó lè gba oníbàárà ẹlòmíràn. Owó já dé sẹ́ǹtì 99, ó sì di ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, ìdí ìpolówó ọjà ló ti ń jẹun, ìyẹn sì ń fẹ́ èrò rẹpẹtẹ. Igba télọ̀ tó ń ṣí áàpù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, owó ìpolówó wọn kò lè ra gààrí.

Ẹ bá mi ṣírò. Ká ní mo tà á ní 500 náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí 400 ènìyàn sì rà á. 200,000 náírà nìyẹn. Ìdá 30 nínú 100 ni Apple àti Google ń yọ tẹ́lẹ̀. Ní 2021 ni wọ́n dín in sí 15 fún àwa kéékèèké tí ọjà wa kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún. Ẹ yọ 15 náà, ó ku 170,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000. Iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án kò tó owó oṣù mẹ́ta òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù!

Iṣẹ́ náà kò sì tíì tán. Ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó lè bá Android tuntun mu. Ẹ má gbàgbé dátà, ẹ má gbàgbé epo jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ tí kì í tán, ṣé ó yẹ ká gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? WhatsApp pàápàá ń gba sẹ́ǹtì 99 lọ́dún kó tó fi í sílẹ̀ ní 2016, Facebook olówó sì ti rà á nígbà náà. Ta ló rà mí?

Télọ̀ kan ní Dùgbẹ̀ fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Áàpù ọ̀fẹ́ tó ń lò tẹ́lẹ̀ kò ṣí mọ́. Ẹni tó ṣe é ti ríṣẹ́ gidi, ó ti fi í sílẹ̀. Ìwọ̀n oníbàárà ọdún mẹ́ta ló bá a lọ. Ọ̀fẹ́ nìyẹn o, ṣùgbọ́n èló ló ná ọkùnrin náà?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò lóṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbowó lọ́wọ́ ọmọ-iṣẹ́ tí kò tíì dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi áàpù yín jẹun, ẹ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, kí ẹ sì pè é láìwolẹ̀. Ẹ má wo iye tí aládùúgbò pè. Iye tí yóò mú yín dúró nídìí iṣẹ́ ni kí ẹ wò. Owó tí a pè, ìlérí ni: pé bí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn wa lọ́dún tó ń bọ̀, yóò bá wa nílé.